Aràn Pẹlẹbẹ, Ọ̀tá Iyùn Nínú Òkun Inú Gíláàsì

Òkun, alagbalúgbú omi tí apá ẹnikẹ́ni kò ká, kò ṣeé gbé wọ iyàrá. Síbẹ̀ ó ti lé ní 150 ọdún tí àwọn olùfẹ́ ìwádìí ti ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àpótí gíláàsì, tí wọ́n sì ń sin iyùn ààyè níbẹ̀ bí àwa ti ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé. Iyùn tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ti gbẹ́ tán, tí ọba fi ń ṣe ọrùn lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹran omi abẹ̀mí ni, tíntìntín ní ìrísí, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn máa ń pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé funfun líle lé ara wọn lórí, títí ilé náà yóò fi di òkìtì lábẹ́ omi. Bí iyùn sì ti wọ ilé ni ọ̀tá rẹ̀ bá a wọlé, nítorí pé kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ọ̀tá náà ni aràn pẹlẹbẹ, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé inú gíláàsì ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ dá àwọn tó lókìkí jù nínú wọn mọ̀, kì í ṣe inú òkun tó bí wọn.

Ní 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster Abbey, kó iyùn láti etíkun Torquay wá sí Lọ́ńdọ́nù. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí iná mànàmáná. Ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń da omi náà láti inú ìkòkò kan sí òmíràn lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ní 1853 ni wọ́n ṣí ilé ẹja ní Regent's Park fún gbogbo ènìyàn, nígbà tó sì di ọdún kejì, ìwé Philip Henry Gosse sọ àṣà náà di ìfẹ́ gbogbo ìlú. Ìtàn wa kò ì tíì kan aràn níhìn-ín.

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn tó ń sin ẹja òkun ilẹ̀ olóoru kì í gba ohun ẹlẹ́mìí mìíràn láyè: iyùn tí wọ́n ti fi oògùn bó funfun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, wọ́n sì ń da oògùn oníbàbà sómi láti pa àrùn ẹja, oògùn tí aràn kò lè bá gbé. Lee Chin Eng, ará Jàkátà ní Indonéṣíà, ló yí ìwé padà ní 1961, nígbà tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan pé omi òkun gidi, ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ àti òkúta tí ohun ẹlẹ́mìí kún inú rẹ̀ ti tó. Peter Wilkens àti àwọn ará Berlin mú ọ̀nà náà gbòòrò ní Yúróòpù, àwọn ará Amẹ́ríkà sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀ ní àárín ọdún 1980 sí 1989. Láti ìgbà náà ni òkúta àti iyùn ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti erékùṣù dé erékùṣù, tàwọn ti ohun tó fara pamọ́ sí wọn lára.

Ẹni àkọ́kọ́ tó di olókìkí nínú àwọn afarapamọ́ wọ̀nyí ni aràn pupa rúsúrúsú kan, tí kò ju mílímítà díẹ̀ lọ, tí ìdí rẹ̀ sì pín sí ẹ̀ka mẹ́ta. Àwọn onímọ̀ méjì, Hendelberg àti Åkesson, ló fún un ní orúkọ Convolutriloba retrogemma ní 1988, láti ara àwọn tí wọ́n rí nínú àpótí omi. Ìbísí rẹ̀ jẹ́ àràmàǹdà: ìdí ìyá ni ọmọ ti ń hù, orí ọmọ a sì kọ sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé bí ìyá bá ń lọ síwájú, ọmọ a máa fà á sẹ́yìn, títí wọn yóò fi já kúrò lára ara wọn, nítorí náà ẹyọ kan ṣoṣo tó láti di ọ̀kẹ́ àìmọye. Ohun ọ̀gbìn wẹ́wẹ́ kan ń gbé inú ara rẹ̀ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ fún un, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni iyùn sì gbójú lé. Bí aràn bá ti bo iyùn mọ́lẹ̀, wọn kò jẹ ẹ́, wọ́n kàn dí oòrùn mọ́ ọn lójú ni. Ó sì tún ku ẹ̀tàn kan: ní 1999, àwọn tó ń ka ìran ẹ̀dá láti inú àbùdá (DNA) fi hàn pé ìdílé aràn yìí kì í ṣe ọmọ ìyá aràn pẹlẹbẹ gidi rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́jà àti oníbàárà kò yí orúkọ padà fún un.

Bí ènìyàn bá rí aràn yìí nínú àpótí rẹ̀, oògùn ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ sí. Levamisole, tí wọ́n fi ń lé aràn jáde nínú màlúù àti àgùntàn, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà náà gbé mì rí lábẹ́ orúkọ Ketrax, ni àwọn kan dà sínú omi. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Salifert ní Nẹ́dálándì gbé Flatworm eXit jáde fún iṣẹ́ náà gan-an. Aràn a kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ burú ju ààyè rẹ̀ lọ, nítorí pé oje pupa tó ń tú jáde lára rẹ̀ lóró, ó sì lè pa gbogbo ẹja inú àpótí láàárín wákàtí díẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n: ẹni tó gbọ́n a kọ́kọ́ fi rọ́bà fa èyí tó bá lè fà jáde, a da oògùn sí i, a gbé èédú tuntun tí ń fa oró mọ́ra síbẹ̀, a sì pààrọ̀ omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn yan ìgbín òkun dúdú onílà àwọ̀ búlúù kan, Chelidonura varians, tó jẹ́ pé irú aràn yìí nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Àánú ẹ̀dá náà ṣe mí, nítorí pé ọjọ́ tó bá parí iṣẹ́ tí a rà á fún ni ebi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Aràn kejì ni mo ka sí ìkà gidi, nítorí pé òun ń jẹ iyùn ní tòótọ́. Hàwáì ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ìbátan rẹ̀ kan, tí ń jẹ iyùn Montipora, ní 1974. Ní ti aràn kejì yìí, iyùn Acropora ẹlẹ́ka-ń-ẹ̀ka ni ó dojú kọ. Ara rẹ̀ mọ́ gaara, àwọ̀ iyùn tó jẹ sì hàn nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ojú ọgbẹ́ funfun róbótó lára iyùn ni olówó rẹ̀ máa ń rí kó tó rí aràn. Ó ti ba iyùn àwọn ènìyàn jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Kate Rawlinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ ọ́ lórúkọ ní 2011, láti ara àwọn tí wọ́n kó nínú àpótí. Ní 2012 ni wọ́n tó kéde pé wọ́n ti rí i nínú òkun gan-an, ní òkìtì iyùn ńlá Ọsirélíà.

Ẹyin rẹ̀ ló ń dá oníoògùn lágara. Orí egungun iyùn tó ti kú ló ń lẹ̀ wọ́n mọ́, oògùn tàbí omi áyódìn tí a bá rì iyùn sí kì í sì wọ inú èèpo wọn, nítorí náà ẹni tó pa ìyá lónìí yóò tún bá ọmọ pàdé láìpẹ́. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé bí omi bá wà ní ìwọ̀n ooru 27, láti ẹyin títí aràn yóò fi dàgbà tó láti yé tirẹ̀ kò ju bíi ọjọ́ 38 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹni tó ra iyùn níyànjú pé kó fi í sínú àpótí ọ̀tọ̀, kó máa rì í lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn kí ẹyin tuntun tó yọjú, kó sì gé egungun tó kú dànù. Ní 2020, wọ́n dán ẹja kékeré onílà mẹ́fà àti edé Lysmata vittata wò: àwọn méjèèjì jẹ aràn, ṣùgbọ́n edé nìkan ló jẹ ẹyin.