Nígbà Tí Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Ń Gbéra Láti Èkó

Ìdílé kan ní Lagos Island tí ó bá fẹ́ lo ìsinmi rẹ̀ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ lójú òkun lónìí, ọkọ̀ òfuurufú ni yóò kọ́kọ́ wọ̀. Yóò gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, yóò fò lọ sí Barcelona, Southampton tàbí Miami, yóò sì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé, nítorí ọkọ̀ òkun kì í dúró de èrò tí bàálù rẹ̀ pẹ́ dé. Bí ọkọ̀ náà yóò bá ti Sípéènì kọjá sí Morocco kí ó tó padà, ìwé àṣẹ tí a fi ń wọ Yúróòpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè tó, ó sì yẹ kí olórí ìdílé béèrè èyí kí ó tó sanwó. Ẹni tí ó ń ṣe gbogbo ètò yìí lè máa ti ojú fèrèsé rẹ̀ ní Marina wo ọ̀sà tí ó já tààrà sí òkun kan náà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí di ọdún 1974, ọkọ̀ ńlá kan ṣì ń ti Èkó gbé èrò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú yàrá oorun, ilé oúnjẹ, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi eré. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó mọ bí a ti ń múra sílẹ̀ fún un, wọ́n mọ bí a ti ń gba èrò tí ó ń lọ sí ilé, wọ́n sì mọ bí a ti ń sin ín dé èbúté. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò ní: ọkọ̀ náà kì í ṣe tiwọn.

Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ tiwọn. Ní 1839, àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì ti kó lọ sí Freetown, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé. Àwọn oníṣòwò àárín wọn ra ọkọ̀ kan tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, àwọn èrò sì bá a dé Àgbádárìgì. Irú ọkọ̀ tí a fi dè wọ́n lọ ni wọ́n sanwó wọ̀ padà wálé. Àwọn Sàró tí ó tẹ̀ lé wọn dé Èkó tẹ̀dó sí Olówógbowó. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil àti Cuba dé kọ́ Pópó Àgùdà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni obì, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì ń ti Èkó lọ sí Bahia, tí lẹ́tà àti èrò sì ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀. Lójú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, òkun jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà ki ara wa.

Ní 1852, Macgregor Laird dá ilé iṣẹ́ African Steam Ship Company sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń san owó fún un láti máa kó lẹ́tà lọ sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ alẹ́tà ti ní ọjọ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́, tí ènìyàn sì lè fi ọjọ́ náà ṣe ètò ìgbéyàwó, ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí ẹjọ́. Nígbà tí ó yá, Elder Dempster ti Liverpool gba òwò náà mọ́ra. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó a máa tẹ orúkọ àwọn tí ó dé àti àwọn tí ó lọ, nítorí ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ kò lè lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n wíwọ ọkọ̀ náà gan-an, ìyà ni. Òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi níbi tí ọ̀sà Èkó ti pàdé òkun, kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ìta ni ọkọ̀ ń dúró sí, níbi tí ìgbì ti ń gbé e sókè sódò. Ọkọ̀ kékeré ni yóò gbé èrò la òkìtì náà kọjá. Nígbà mìíràn, Forcados ni èrò yóò ti bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn kí ó tó rí Èkó. Bí ọkọ̀ méjèèjì bá wá fara kan ara wọn, wọn a gbé èrò sínú àga onígi kan tí ó dà bí àpótí, èyí tí àwọn atukọ̀ ń pè ní mammy chair. Ẹ̀rọ ìgbẹ́rù yóò fà á sókè, yóò fì í lórí omi, yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ọkọ̀ kejì. Gómìnà àti ìyàwó Gómìnà kò bọ́ lọ́wọ́ àga yìí. Ẹ jẹ́ kí a ro bí ìyá arúgbó kan láti Fàájì, tí ó wé gèlè, tí ó gbé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́, yóò ti rí lórí rẹ̀. Àyàfi ìgbà tí ìjọba kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀sà, tí ó sì ń gbẹ́ iyanrìn, ni ọkọ̀ ńlá tó lè wọlé, ní nǹkan bí ìgbà tí ogun àgbáyé kìíní ń bẹ̀rẹ̀ ní 1914.

Ọkọ̀ wọlé tán, ó ń fẹ́ ilẹ̀ tí yóò so mọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ni ó mú ìrìn àjò òkun tí ó lókìkí jù lọ nínú ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó wá, kò sì ní ìgbafẹ́ kankan nínú. Ìjọba ti gba ilẹ̀ ní Àpápá fún lílò gbogbo ìlú. Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tí ó ni ilẹ̀, sọ pé ilẹ̀ ìdílé òun ni, kí ìjọba sì san owó rẹ̀ bí ẹni ra ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ilé ẹjọ́ Èkó kò gbà fún un. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ sí London, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti agbọ̀rọ̀sọ, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ó Èṣùgbàyí lọ́wọ́.

Ìnáwó irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó ilé gbígbé ní London wà níbẹ̀, owó agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, ẹjọ́ ọ̀hún kò sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ ní London nípa ipò Ẹlẹ́kọ̀ó bí ìjọba nínú débi pé wọ́n gba ìdánimọ̀ lọ́wọ́ Èṣùgbàyí. Ní 1925, wọ́n lé e kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì padà sí Ìgà Ìdúńgànrán títí di 1931. Ṣùgbọ́n ní July 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá Olúwa láre: ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé àti ti àwọn ènìyàn rẹ̀, ìjọba kò sì lè gbà á bí ẹni gba ilẹ̀ tí kò ní olówó. £22,500 ni ìjọba san ní ìkẹyìn. Ní 1926, èbúté tuntun ṣí ní Àpápá. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá sọdá láti Marina lọ wọ ọkọ̀ alẹ́tà, Àpápá yìí ni ó ń lọ.

Ìgbáradì èrò a máa pẹ́ ju ìrìn àjò náà lọ. Ẹni tí ó bá ti Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Ọ̀ṣogbo bọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ìddó, yóò gba orí afárá Carter kọjá sí Ìdúmọ̀tà, yóò sì wá ojúlùmọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Èpétẹ̀dó tí yóò gbà á sílé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó bàbá, ọmọ ìlú ẹni, ẹni tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà: ilé irú wọn ni òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọjọ́ tí èrò lò níbẹ̀ kò ṣófo. Wọn a mú un lọ sọ́dọ̀ aránṣọ láti rán aṣọ òtútù tí ó nípọn, wọn a ya fọ́tò ìdílé, wọn a se oúnjẹ tí kò ní bàjẹ́ lójú ọ̀nà, wọn a dì gààrí àti ata gígún sínú àpótí. Pásítọ̀ yóò gbàdúrà, àáfáà yóò ṣe tirẹ̀, ìyá àgbà yóò sì súre ní kọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ bá pé, gbogbo agbo ilé ni yóò sin ín dé etí omi, àwọn ọmọdé yóò sì máa ju ọwọ́ títí ọkọ̀ yóò fi di ohun kékeré lójú wọn.

Òtẹ́ẹ̀lì gidi wà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ní 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti London, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, dé sí Bristol Hotel ní Èkó. Wọ́n kọ̀ láti fún un ní yàrá nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìlú gbaná jẹ, àwọn olóṣèlú àti àwọn ìwé ìròyìn sì bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de ọ̀rọ̀, títí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ lọ́dún náà pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Cummings yìí kan náà ni ìjọba rán lọ pàdé àwọn ará Caribbean tí ó bá ọkọ̀ Empire Windrush dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ tí wọ́n fi tì í sẹ́yìn ní Èkó kò dí i lọ́wọ́ láti gba àlejò.

Àdúrà tí wọ́n ń gbà fún èrò kì í ṣe àṣehàn. Ọkọ̀ Falaba rì ní 1915, Apapa àkọ́kọ́ rì ní 1917, ọwọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì sì ni àwọn méjèèjì. Nínú ogun kejì, Accra àti Apapa kejì bá ogun lọ ní 1940, Abosso bá a lọ ní 1942. Nígbà tí ogun parí, Elder Dempster kọ́ Accra àti Apapa tuntun, ó sì fi Aureol kún wọn ní 1951. Orí òkè kan ní Freetown, níbi tí Fourah Bay College wà, ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ó tó ìwọ̀n 14,000 tọ́ọ̀nù, ó lè gba èrò tí ó lé ní 300, nǹkan bí ọjọ́ 13 ni ó sì ń lò láti Liverpool dé Èkó.

Àsìkò yìí ni ìrìn àjò náà wá jọ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ lónìí. Ọkọ̀ yóò yà ní Las Palmas, àwọn obìnrin yóò sọ̀kalẹ̀ lọ rajà. Yóò yà ní Freetown, àwọn Sàró yóò kí mọ̀lẹ́bí. Yóò yà ní Takoradi. Àwọn òyìnbó tí ó ń lọ fún ìsinmi kún ipò kìíní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì pọ̀ ní ipò tí owó rẹ̀ kéré. Àwọn ọmọdé tí ó dàgbà sí inú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì a máa kọ́ eré tí wọn kò ì rí rí. Ìtàn irú ìrìn àjò báyìí dùn mọ́ àwọn òǹkàwé Yorùbá: Akéde Èkó ti ń tẹ ìtàn ìrìn àjò láti àwọn ọdún 1920, D. O. Fágúnwà náà sì gbé Ìrìnàjò tirẹ̀ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì jáde ní apá méjì, ní 1949 àti 1951.

Àwọn kan sọ pé ọkọ̀ òfuurufú ni ó pa ọkọ̀ alẹ́tà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í fò dé London láàárín ọjọ́ kan, ìṣirò owó ni ó kù, Liverpool ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Èkó kò ní ohùn nínú rẹ̀. Nàìjíríà ti dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1959, Nigerian National Shipping Line, ṣùgbọ́n ẹrù ni ó gbájú mọ́. Ní 1995, òun náà kógbá sílé. Accra kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1967, Apapa tẹ̀ lé e ní 1968, Aureol sì fi Liverpool sílẹ̀ fún Southampton ní 1972 kí ó tó ṣíwọ́ pátápátá ní 1974. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tún kún iwájú Èkó, ó lé ní 400, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì tí ìjọba rà ní àràjù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kó, wọ́n sì ń dúró de àyè fún oṣù mélòó kan. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni wọ́n da iyanrìn sí ọ̀sà níwájú Marina, tí wọ́n la títì mọ́tò síbẹ̀. Ibi tí ìdílé ti ń dúró ju ọwọ́ sí èrò ti di ibi tí mọ́tò ń sáré.

Lónìí, àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí ó ń gba etíkun wa kọjá a máa yà ní Dakar, Takoradi, Lomé àti Cotonou. Ẹni tí ó bá ti Èkó lọ sí Cotonou nínú mọ́tò lè rí wọn ní èbúté, bí wọ́n bá dé lọ́jọ́ náà. Àpápá kún fún àpótí ẹrù.

Àwọn Gíríìkì ni ó ra Aureol. Wọ́n sọ ọ́ ní Marianna VI, wọ́n gbé e lọ sí Jeddah ní Saudi Arabia, ó sì di ilé tí àwọn ènìyàn ń sùn sí ní etí èbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2001, wọ́n fà á lọ sí Alang ní Íńdíà, wọ́n sì gé e sí wẹ́wẹ́ fún irin.