Owó ní Àpápá, Ìbò ní Ajégúnlẹ̀: Ta Ni Aṣojú Ẹlẹ́sìn Hindu l'Ékòó?

Ní Trinidad, Basdeo Panday tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Hindu di olórí ìjọba ní 1995. Rishi Sunak dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2022. L'Ékòó, níbi tí Chellarams, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Íńdíà, ti ń ṣòwò láti 1923, ọ̀nà mìíràn ni àwọn ẹlẹ́sìn Hindu ń gbà ṣèlú. (Kì í ṣe gbogbo ará Íńdíà ló jẹ́ Hindu o, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti Sikh wà lára wọn.)

Òfin ló fà á: ọmọ Nàìjíríà nìkan ló lè dìbò. Bí tọkọtaya ará Íńdíà bá bímọ sí Èkó, ọmọ náà kò torí bẹ́ẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà. Àjèjì tó bá fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti gbé níbí fún ọdún 15. Nàìjíríà kò ní kó ju ìwé orílẹ̀-èdè tó jẹ́ tirẹ̀ láti ìbí nù. Íńdíà ni kì í gbà kí ọmọ rẹ̀ tún jẹ́ ọmọ ibòmíràn. Ta ni yóò fi ìwé ìrìnnà bàbá rẹ̀ ra káàdì ìdìbò?

Ní 1972, ìjọba ológun ya oríṣi okòwò 22 sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà, ìtajà kéékèèké sì wà nínú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Idi Amin lé àwọn ará Éṣíà kúrò ní Uganda. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò Íńdíà tó wà níbí fọgbọ́n ṣe é: wọ́n fi ọmọ onílẹ̀ ṣe alájọṣe, wọ́n sì kọjú sí iṣẹ́ ilé-ẹ̀rọ. Olam, tí ẹbí oníṣòwò Kewalram Chanrai dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1989, ra ilé ìyẹ̀fun Crown ní Tin Can, Àpápá, ní 2010. Ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè bá mínísítà jókòó lórí owó-bodè àlìkámà. Ṣùgbọ́n ẹnu ọjà nìyẹn, kì í ṣe ẹnu èèyàn. Akọ̀wé ará Íńdíà tí ọ̀gá rẹ̀ gba ìwé ìrìnnà mọ́ lọ́wọ́ kò ní kánsẹ́lọ̀ tí yóò ké sí. Ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Íńdíà ló kù fún un.

Láti Àpápá, èèyàn kọjá ọjà Boundary báyìí, ó di Ajégúnlẹ̀, níbi tí Ìjọ́, Ùròbò, Ìlàjẹ, Ìgbò àti Haúsá ti ń pín ẹnu ọ̀nà kan náà lò. Ní 2015, Rita Orji, ọmọ Ìgbò, borí ìbò Ajeromi-Ifelodun, níbi tí Ajégúnlẹ̀ wà, sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin lábẹ́ PDP. Àlejò ni àwọn kan ṣì ń pe irú àwọn tó dìbò fún un, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Nítorí náà, obìnrin tó ń din àkàrà ní Boundary ní aṣojú tó lè fi ìbò yọ nípò. Olówó Hindu tó ní ilé-ẹ̀rọ ní Àpápá, tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, kò ní.