Láti Owó Kòkó dé Owó Epo: Ìgbé Ayé ní Gánà àti Nàìjíríà

Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, èsì ìbéèrè pé níbo ni ayé ti rọrùn jù láàárín Gánà àti Nàìjíríà, ìyẹn ni pé níbo ni oúnjẹ, ilé, ìwòsàn àti ẹ̀kọ́ ti sún mọ́ mẹ̀kúnnù jù, ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí àwọn àjọ àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìṣirò jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹsẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò ni òṣùwọ̀n rẹ̀, nítorí pé ibi tí ọjà bá ti ń tà ni èrò ń wọ́ lọ.

Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Gold Coast, èyí tó di Gánà nígbà òmìnira, ni ọ̀pọ̀ Yorùbá kọjú sí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí ni wọ́n ti ń lọ. Àwọn kan ń ṣòwò ní Accra, Kumasi àti Tamale, àwọn mìíràn sì ń wa dáyámọ́ǹdì ní Akwatia. Owó kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì ń ná, nítorí pé ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912 ló ń pèsè owó fún gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣílè tí oníṣòwò bá jèrè ní Kumasi, bó ṣe rí gan-an ni yóò fi kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì ṣòro fún un láti mọ ibi tí ṣílè náà ti níye lórí jù. Gold Coast ló ń kórè kòkó jù lọ lágbàáyé nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni èrò inú rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti Nàìjíríà, nítorí náà owó tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ pọ̀ ju ti Nàìjíríà lọ.

Ìhà méjèèjì ló fi owó kòkó ṣe ohun tí aráàlú ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Gold Coast ní 1952, ìjọba Awólọ́wọ̀ sì ṣe bákan náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní January 1955. Ṣùgbọ́n nígbà tí iye tí wọ́n ń ra kòkó lókè òkun já wálẹ̀ ní 1965, gbèsè ti wọ Gánà lọ́rùn, ọjà sì wọ́n. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òótọ́ ni pé àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n Gánà ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, wọn kò sì fojú rí ilé tí wọ́n ní kí wọ́n padà sí rí. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, owó àwìn tó wà lọ́wọ́ oníbàárà sì wọgbó. Síbẹ̀, lílé tí wọ́n lé wọn kò mú ìrọ̀rùn wá, nítorí pé ní December 1971 ni Busia tún dín iye sídì, owó Gánà, kù gan-an, àwọn ológun sì gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Láti 1973 sí 1974, iye owó epo rọ̀bì, tí Nàìjíríà ń tà, di ìlọ́po mẹ́rin, ìgbà sì yí padà. Ó wá kan àwọn ará Gánà láti máa wá sí Nàìjíríà, àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 1979 sì gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti lo 90 ọjọ́ ní òmíràn láìgba físà. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ń ṣàkóso sọ ẹ̀kọ́ gírámà di ọ̀fẹ́ lọ́dún yẹn, olùkọ́ kò tó fún ilé ìwé, àwọn olùkọ́ láti Gánà sì wà lára àwọn tó dí àlàfo náà. Àmọ́ nígbà tí owó epo náà já wálẹ̀, Nàìjíríà ṣe ohun tí Gánà ti ṣe: ní January 1983, ìjọba Shagari fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò. Nínú àpò aláràbarà tí wọ́n ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní ni ọ̀pọ̀ wọn kó ẹrù sí. Ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ ló pàdé wọn nílé. Ebi pa àwọn ènìyàn débi pé egungun èjìká yọ lọ́rùn wọn, tí àwọn aláwàdà sì sọ ọ́ ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings, olórí ìjọba ológun ìgbà náà.

Lónìí, òṣùwọ̀n Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tó ń wo gígùn ẹ̀mí, ẹ̀kọ́ àti owó tó ń wọlé, fi Gánà ṣáájú Nàìjíríà, bí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà tilẹ̀ tóbi jù ú lọ. Èyí kò sọ pé Gánà ti bọ́ nínú ìṣòro, nítorí pé ní December 2022 ló dáwọ́ sísan ọ̀pọ̀ gbèsè òkèèrè rẹ̀ dúró. Lára ohun tó ń mú kí ìrọ̀rùn máa ṣí kiri láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ni pé lókè òkun ni wọ́n ti ń dá iye lé kòkó àti epo, nígbà tí iná ìdídò Akosombo, tí wọ́n ṣí ní 1966, àti ètò adójútòfò ìlera tí òfin 2003 gbé kalẹ̀ ṣì ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ará Gánà bí iye kòkó àti epo tilẹ̀ ń yí padà.