Ìbéèrè Tí A Gbọ́dọ̀ Bi Ilé Ìtọ́jú

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá àgbà ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, àwọn ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 24 ni, ṣùgbọ́n kò lè ṣírò owó, ọ̀rọ̀ tó bá gùn kì í sì í yé e. Òun ló ń bá ìyá àgbà ru iṣu lọ sí ọjà. Àwọn kan ládùúgbò ń pè é ní dìndìnrìn. Ẹnì kan nínú ẹbí ní kí a mú un lọ sí ilé ìtọ́jú. Òmíràn dáhùn pé bó ti wù kí ọmọ ẹni burú tó, a kì í fi í fún ẹkùn pa jẹ. Èmi kò mọ èwo ni kí n gbà, ni mo bá lọ ka ìtàn.

Ní ayé ìjọba òyìnbó, wọ́n ṣí ilé àwọn wèrè sí Yábàá ní 1907. Òfin ọdún 1916 pa irú ẹ̀gbọ́n mi pọ̀ mọ́ wèrè lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wèrè, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí òye rẹ̀ kò yá láti kékeré. Àìsàn ni ti àkọ́kọ́, a lè wò ó sàn. Ẹ̀kọ́ àti sùúrù ni ìkejì ń fẹ́.

Ṣé kí a kọ́ ilé ọ̀tọ̀ fún wọn ló kù? Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé Willowbrook ní New York gba àwọn ọmọ wọ̀nyí láti 1947. Ènìyàn 4,000 ni wọ́n kọ́ ọ fún, ṣùgbọ́n ní 1965, àwọn tó wà níbẹ̀ lé ní 6,000. Ní 1972, akọ̀ròyìn Geraldo Rivera gbé kámẹ́rà wọlé, aráyé sì rí àwọn ọmọ ní ìhòòhò nínú ìdọ̀tí. Àwọn òbí gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ní 1987 ni wọ́n ti ilé náà pa.

Nílé wa níhìn-ín, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, gba ọ̀nà mìíràn ní Aró ní 1954. Àwọn aláìsàn rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn kan nínú ilé àwọn ará abúlé. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé àìsàn ọpọlọ ni Lambo ń wò, kì í ṣe irú ti ẹ̀gbọ́n mi. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá: ènìyàn ní í tọ́jú ènìyàn, kì í ṣe ògiri.

Mo kọ ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀, mo kà wọ́n fún àwọn àgbà. Ènìyàn mélòó ni olùtọ́jú kan ń bójú tó? Iṣẹ́ wo ni ẹ̀gbọ́n mi yóò máa ṣe? Ṣé a lè yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀? Ta ni yóò mọ̀ bí inú rẹ̀ kò bá dùn?

Kò sí ẹni tó lè dáhùn lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin, kí a sì máa pín ìnáwó rẹ̀. Bí a bá sì rí ilé ìtọ́jú kan lọ́la, ìbéèrè mẹ́rin náà ni a ó kọ́kọ́ mú débẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi tún ru iṣu. Àwọn oníṣu kí i, wọ́n sì pè é lórúkọ.