Wikki: Omi Gbígbóná tí Ènìyàn àti Ẹranko Jọ Ń Lò

Ìtàn omi kan ni a ó kà lónìí. Ẹ rọra kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ pè é sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá oko àgbàdo mọ ìyọnu ọ̀bọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ mi ni láti máa lu agolo lóko bàbá mi láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí mo bá sinmi díẹ̀, ọ̀bọ ti wọlé. Olè ni mo máa ń pè wọ́n. N kò mọ̀ nígbà náà pé igbó ọ̀bọ ni oko wa jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Omi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, nínú igbó ńlá tí à ń pè ní Yankari. Orúkọ rẹ̀ ni Wikki. Wọ́n ní ní èdè Duguri, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Níbo lẹ wà?” Abẹ́ àpáta ni omi náà ti ń sun jáde. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò dáná sí i. Omi òjò ni. Ó wọ inú ilẹ̀ lọ, ó dé ìsàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, ó sì tún padà wá sókè. Ìgbóná rẹ̀ jẹ́ bíi dígírì 31, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà ṣe òjò, lọ́sàn-án àti lóru. Ara ènìyàn tó dá jẹ́ bíi 37, nítorí náà omi náà kò lè jó ẹnikẹ́ni. Omi tó ń jáde lójúmọ́ tó mílíọ̀nù lítà 21. Bí ẹ bá fẹ́ fi ike lítà 25 pọn ọ́n, ẹ ó wá ike 840,000!

Àwọn ènìyàn ń wẹ̀ níbẹ̀ nítorí ara ríro. Bákan náà ni ní Ikogosi, ní ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé: ọ̀pọ̀ gbà pé omi náà ń wo àìsàn. Òótọ́ ni pé omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ a máa dẹ iṣan ara. Ṣùgbọ́n kò wo ibà o. Bí ibà bá mú yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ.

Ta ló wá ni omi Wikki? Àwọn ènìyàn ti gbé inú igbó Yankari rí. Ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin ṣì wà níbẹ̀, bí irú èyí tí àwọn ará Bassar wa lò láyé àtijọ́. Kànga tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn wọn, ilẹ̀ ọdẹ ló jẹ́. Ní ọdún 1956, ìjọba Àríwá Nàìjíríà pinnu láti fi ibẹ̀ ṣe igbó ìdáàbòbò ẹran. Láti ìgbà náà, kò sí ọdẹ mọ́, kò sí oko mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1962, wọ́n ṣí i fún àlejò. Ní 1991 ó di ti ìjọba àpapọ̀, ní 2006 ó tún padà sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ Bauchi.

Ẹ̀bá ìsun náà gan-an ni wọ́n kọ́ ilé àlejò sí. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Inú odò Gaji ni omi Wikki ń ṣàn lọ, odò yìí ni ẹran sì gbẹ́kẹ̀ lé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Erin ń bọ̀, ẹfọ̀n ń bọ̀, ìmàdò ń bọ̀. Ọ̀bọ ló burú jù, irú ọ̀bọ ńlá tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ẹnu ajá. Kò bẹ̀rù àlejò. Yóò já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ yín, yóò wọ yàrá, yóò tú ẹrù.

Àlejò a máa fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, nítorí yóò padà sílé rẹ̀ lọ́la. Àgbẹ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ igbó kò lè rẹ́rìn-ín. Erin kò mọ ààlà. Ó ń jáde lóru, ó sì lè run iṣẹ́ ọdún kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí àgbẹ̀ náà bá wọ igbó lọ pa ẹran, ẹ̀ṣọ́ yóò mú un. Lójú tèmi, ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní Japan pẹ̀lú, níbi tí òjò dídì ti ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù. Ní agbègbè Nagano, àwọn ọ̀bọ ń jẹ oko èso run, àwọn àgbẹ̀ sì fẹ́ pa wọ́n. Àwọn kan fi oúnjẹ fa ọ̀bọ náà lọ sí àfonífojì Jigokudani, níbi tí omi gbígbóná wà. Kò pẹ́, ọ̀bọ kan wọ inú omi ìwẹ̀ ilé àlejò kan. Àwọn yòókù wò ó, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ta ni yóò fẹ́ wẹ̀ nínú omi tí ọ̀bọ ń yàgbẹ́ sí? Wọ́n bá kọ́ ibi ìwẹ̀ ọ̀tọ̀ fún ọ̀bọ. Wọ́n ṣí ọgbà náà ní 1964, ọ̀bọ ṣì ń wẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ní 2018, àwọn onímọ̀ sọ pé wíwẹ̀ náà ń dín ìnira òtútù kù lára wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń bọ́ wọn lójoojúmọ́, ìyẹn sì ń ná owó.

Ní Togo tiwa, ẹ̀yin àgbà rántí bí ìjọba ṣe fẹ igbó ìdáàbòbò lójú láìbi àwọn abúlé léèrè. Nígbà tí rògbòdìyàn dé ní 1990, àwọn ènìyàn gbé ọkọ́ àti ìbọn, wọ́n wọ igbó Kéran àti Oti-Mandouri. Ọ̀pọ̀ ẹran kú, oko sì bo ibẹ̀.

Ní Wikki, àlejò ṣì ń wẹ̀, ọ̀bọ ṣì ń wò wọ́n láti orí igi. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ti fèrèsé yàrá yín kí ẹ tó wọ omi.