Iṣẹ́ TA nílùú Ọba: ohun tí wọ́n ń wò lára yín kọjá sátífíkéètì

Lára iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá tó bá ọkọ tàbí ìyàwó wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá ni iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí TA. Àwọn kan rò pé kò ju kéèyàn máa nu imú ọmọ lọ. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú ọ̀rọ̀ ìwé kúrò nílẹ̀. Kò sí ìwé ẹ̀rí kan pàtó tí òfin là sílẹ̀. Iléẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohun tó fẹ́. Ọ̀pọ̀ ń béèrè GCSE Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Ẹ bi wọ́n bóyá WAEC yín á ṣe é kí ẹ tó náwó sórí ìdánwò mìíràn. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò DBS fún yín, láti mọ̀ bóyá ẹ ti rú òfin rí, wọ́n sì lè ní kí ẹ gba ìwé ọlọ́pàá wá láti Nàìjíríà.

Iṣẹ́ gan-an wá kù. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó fọwọ́ sílẹ̀. Ọmọ ń bá 7 lọ́nà 8 jà, ìdáhùn ti dé ẹnu yín. Ẹ gbé e mì! Ẹ bi í pé, "7 lọ́nà 7 ńkọ́?" kí ẹ sì dákẹ́, kó rò ó fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Institute of Education, London, ṣe ìwádìí láti 2003 sí 2008. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí TA ń ràn lọ́wọ́ jù kò tẹ̀ síwájú tó àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ìrànlọ́wọ́ wọn kéré. Wọn ò di ẹ̀bi náà ru àwọn TA o. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ráyè bá tíṣà jókòó kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, bí iṣẹ́ ọmọ ṣe máa parí ni wọ́n sì ń lé, kì í ṣe bó ṣe máa yé e.

Ìbáwí ló máa ń kó bá àwa Yorùbá. Láti 1987 ni òfin ti fòpin sí lílu ọmọ níléèwé ìjọba níbẹ̀. Kódà fífa ọmọ létí tí ẹ pè ní eré lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín, kó sì mú ọlọ́pàá wá. Ohùn jẹ́jẹ́ tí kì í yí padà ló ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kan lè dé tí ọmọ á ní, "Miss, mo fẹ́ sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni." (Miss ni wọ́n á máa pè yín, kò sí àǹtí níbẹ̀.) Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe irú ìlérí yẹn. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ má fi ìbéèrè dà á láàmú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí ẹ sì mú un lọ bá ẹni tí iléẹ̀kọ́ yàn fún ààbò ọmọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti owó, àkókò tí iléèwé bá wọlé nìkan ni ọ̀pọ̀ TA ń gbowó fún, bí ọ̀sẹ̀ 39 lọ́dún. Tí ẹ bá rí "pro rata" nínú ìkéde iṣẹ́, ẹ má tíì yọ̀ sí iye tó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè iye tó máa wọ àpò yín lóṣù kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.