Síídì Ayàwòrán ní Ìpájà

Kí fláàṣì tó gbòde, inú síídì ni àwa ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà ní Ìpájà ń kó iṣẹ́ wa sí tà. Flọ́pì tó ṣáájú rẹ̀ kò gbà ju 1.44 MB lọ. Síídì gba 700 MB, dífídì gba 4.7 GB. Ẹ ò rí i pé àyè gbà wá!

CorelDRAW, tó jáde ní 1989, ni mo fi ń ya tèmi: òdòdó, ẹyẹ, káàdì ìgbéyàwó, pósítà òkú. Bí NEPA bá múná lọ níbi tí mo ti ń kó wọn sórí síídì, síídì yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tó bá yọrí, màkà ni mo fi ń kọ orúkọ mi sí i lójú. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú àti àwọn ọmọ ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Ìyànà Ìpájà ló ń rà á.

Àmọ́ ẹni tó ra ẹyọ kan á ṣe àdàkọ rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ti wà tipẹ́ o. Ta ló fẹ́ tìtorí síídì kan lọ kóòtù?

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun kò ní ojú síídì mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní síídì nínú páálí, ẹ tètè kó iṣẹ́ yín jáde kí ó tó bàjẹ́.